Bí A Ṣe Lè Bá Ọmọ Jókòó Wo Kàtúùnù Àtijọ́

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, láti Bódìjà dé Mọ̀níyà, àwọn ọmọ ń fi fóònù ìyá wọn wo kàtúùnù tí wọ́n ti yà ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó bí ìyá náà fúnra rẹ̀. Èmi kò ní kí a gbà á lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àgbà kan jókòó tì wọ́n, kí ó sì mọ ohun tí yóò tọ́ka sí.

Ẹ kọ́kọ́ wá ọdún tí wọ́n ṣe fíìmù náà. Bí ó bá ti ṣáájú 1950, ẹ la ojú yín sílẹ̀ dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ayàwòrán ìgbà náà ń wo àwòkọ́ṣe eré orí ìtàgé kan tí àwọn aláwọ̀ funfun ti máa ń kun ojú wọn dúdú, tí wọ́n á sì kun ètè wọn kí ó lè tóbi, láti fi adúláwọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ètè ńláńlá àti ojú ràǹdà tí ẹ óò rí, ibẹ̀ ni ó ti wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ọmọ pé, “Ta ni a kò rí ojú rẹ̀?” Tom and Jerry ni ó dára jù fún ìbéèrè yìí. Láti 1940 títí di 1952, obìnrin adúláwọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ń tọ́jú ilé, Lillian Randolph sì ni ó ń fọhùn fún un. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà rẹ̀ ni a ń rí ṣáá, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn rárá. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1960, wọ́n tún àwọn kan nínú fíìmù náà yà fún tẹlifíṣàn, wọ́n sì fi obìnrin aláwọ̀ funfun rọ́pò rẹ̀. Ẹ dá fíìmù dúró níbi tí ẹsẹ̀ yẹn bá ti yọ, kí ẹ fún ọmọ ní pẹ́ńsù àti ìwé, kí ó ya ojú ìyá náà bí ó ṣe rò pé ó rí, kí ó sì fún un ní orúkọ. Ẹ má ṣe kánjú níbí.

Bí ọmọ bá béèrè ìdí tí a kì í fi rí àwọn kàtúùnù kan mọ́, ẹ sọ fún un pé ní 1968, ilé-iṣẹ́ United Artists, tí ẹ̀tọ́ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, kó 11 nínú àwọn kàtúùnù tí ilé-iṣẹ́ Warner Bros. ṣe kúrò lórí tẹlifíṣàn nítorí bí wọ́n ṣe ya adúláwọ̀. Ilé-iṣẹ́ Disney náà gé ọmọ-ọ̀dọ̀ aláwọ̀ dúdú kan kúrò nínú fíìmù wọn, Fantasia, ti 1940. Lójú tèmi, gígé nìkan kò tó, nítorí pé ọmọ tí kò rí àbùkù náà kò ní mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá tún padà wá ní aṣọ mìíràn.

Ẹ wá sọ fún un pé Floyd Norman, ayàwòrán adúláwọ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Disney ní 1956, àti pé ní àwọn ọdún 1960, Moustapha Alassane ń ṣe kàtúùnù tirẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Niger tó múlé gbè wá. Nígbà náà ni kí ẹ tún fún un ní ìwé, kí ó ya ìyá kan tí ń tajà ní Dùgbẹ̀, láti orí gèlè dé ẹsẹ̀.