Bí pọ́tàlì ṣe gba fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì mi níkẹyìn

Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni pọ́tàlì ilé ìwé wa fi kọ̀ láti gba fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì mi. Carry-over kan, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí mo ti fìdí rẹmi tẹ́lẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ tún ṣe, sọ àròpọ̀ yúníìtì kọ́ọ̀sì mi di 26, bẹ́ẹ̀ 24 ni wọn ò gbọdọ̀ kọjá ní sẹ̀mẹ́sítà kan. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo jí lóru, mo sanwó ní káfẹ̀, pàbó ló já sí.

Mo tẹ èsì ìdánwò àti fọ́ọ̀mù náà jáde, mo gbé wọn lọ bá level adviser wa, olùkọ́ tó ń tọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìpele wa sọ́nà, ní kùtùkùtù. Wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ kọ́ọ̀sì àṣàyàn oníyúníìtì méjì: “Yọ eléyìí. Má fọwọ́ kan carry-over rẹ.” Mo yọ ọ́ kí add and drop, àsìkò tí wọ́n fi ń gbà wá láyè láti fi kọ́ọ̀sì kún un tàbí yọ ọ́, tó parí, fọ́ọ̀mù náà sì wọlé lójú ẹsẹ̀. Ara tù mí gan-an! Tiyín lè yàtọ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye yúníìtì tí ẹ̀ka yín gbà.