Bí Mo Ṣe Fa Ọ̀gá Mi Kalẹ̀ fún Àmì Ẹ̀yẹ Nínú Ìtọ́jú Làkúrègbé

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ kílíníìkì làkúrègbé, ìwé kọ́ ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́. Wọ́n mú àtàǹpàkò mi, wọ́n gbé e lé oríkèé ìka aláìsàn kan, wọ́n ní, "Tẹ̀ ẹ́ títí èékánná ìwọ fúnra rẹ á fi funfun, kí o wá dúró níbẹ̀. Bó o bá tẹ̀ ẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, ò ń dá wọn lóró. Bí kò bá sì tó bẹ́ẹ̀, irọ́ lo máa kọ sílẹ̀." Oríkèé 28 la yẹ̀ wò lára aláìsàn yẹn: èjìká méjèèjì, ìgúnpá, ọrùn ọwọ́, orúnkún, àti oríkèé ogún lára ọmọ ìka ọwọ́ méjèèjì. Títí dòní, bí mo bá ti fọwọ́ kan oríkèé tó wú, ohùn wọn ni mò ń gbọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi dùn mí nígbà tí ẹgbẹ́ wa ka orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n ti fún ní àmì ẹ̀yẹ àgbà, tí n kò gbọ́ ti ọ̀gá mi. Mo bi ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ aṣàyàn léèrè. Ìdáhùn wọn kò gùn: "Kò sẹ́ni tó fà wọ́n kalẹ̀ rí." Mo ti rò pé bí iṣẹ́ bá ti dára tó, àwọn àgbà á rí i. Rárá o. Fọ́ọ̀mù tó bá dé iwájú ìgbìmọ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Gbogbo àwa tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ la panu mọ́, oníkálukú rò pé ẹlòmíràn ti ṣe é.

Mo lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan máa ń ṣe irú nǹkan yìí ní bòókẹ́lẹ́ kó lè ya onítọ̀hún lẹ́nu, àmọ́ n kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, torí ìgbìmọ̀ fẹ́ kí ẹni tí wọ́n fà kalẹ̀ fọwọ́ sí i, ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀gá kọ́kọ́ kọ̀. "Fi mí sílẹ̀ jàre, iṣẹ́ mi ni mo ṣe." Ọjọ́ kẹta ni ímeèlì wọn wọlé, láìsí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, ìtàn iṣẹ́ wọn nìkan ni wọ́n so mọ́ ọn.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni ti iye ìwé ìwádìí tí wọ́n ti tẹ̀ jáde. Mo ṣe àwárí orúkọ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye tí mo rí pọ̀ débi tí inú mi fi dùn, àfìgbà tí mo rí iṣẹ́ kan lórí àrùn inú irúgbìn. Ẹlòmíràn ló ń jẹ́ orúkọ bàbá kan náà, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àbísọ wọn sì bára mu. Bí mo bá ti fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ onímọ̀ irúgbìn ni ǹ bá gbé lé ọ̀gá mi lórí. Nọ́ńbà ORCID wọn ló yọ mí. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti ń fún àwọn olùwádìí ní nọ́ńbà onídìígíìtì 16 yìí kí iṣẹ́ ẹnì kan má baà kó sínú ti ẹlòmíràn. Ẹ má gbójú lé àwárí orúkọ nìkan láé.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ lẹ́tà ìfanikalẹ̀ náà. Ojú ìwé méjì ni wọ́n gbà, mo sì kún un dẹ́nu: àwọn ipò tí wọ́n ti dì mú, àwọn ìpàdé tí wọ́n ti sọ̀rọ̀, àwọn ìgbìmọ̀ tí wọ́n jókòó sí, iye ìwé wọn. Mo fi han ẹ̀gbọ́n kan tó ti jókòó sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n kà á tán, wọ́n fi bírò fa ìlà sórí orúkọ ọ̀gá mi níbi gbogbo tó wà, wọ́n dá a padà fún mi. "Tún un kà báyìí. Ta ni?" Mo kà á. Ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. Àánú ara mi ṣe mí, nítorí òru mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́.

Mo wá lọ ka bí àwọn àmì ẹ̀yẹ ńlá inú iṣẹ́ wa ṣe dé ọwọ́ àwọn tó gbà á. Ní oṣù September ọdún 1948, ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún obìnrin kan tí làkúrègbé ti dá dúbúlẹ̀ ní oògùn tí a wá mọ̀ sí cortisone. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi ń rìn. Ní 1950, Hench, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein ará Switzerland gba Ẹ̀bùn Nobel. Ìpalára tí oògùn náà ń ṣe bí a bá lò ó púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́ tètè hàn sí wọn pẹ̀lú, a ṣì ń ṣọ́ ọ títí dòní. Àmọ́ ohun tó mú mi gbé ìwé náà sílẹ̀ láti ronú ni pé Hench fi lára owó ẹ̀bùn rẹ̀ rán Sister Pantaleon, ẹlẹ́sìn obìnrin tó jẹ́ olórí nọ́ọ̀sì fún àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn, lọ sí Róòmù. Hench mọ àwọn tí wọ́n jọ ṣe é.

Àmì ẹ̀yẹ Crafoord náà tún kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Holger Crafoord, oníṣòwò ará Sweden, ni òun àti ìyàwó rẹ̀ Anna-Greta dá owó rẹ̀ sílẹ̀ ní 1980. Làkúrègbé ń bá òun fúnra rẹ̀ jà gidigidi lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀ka kan nínú àmì ẹ̀yẹ náà fi wà fún ìwádìí àrùn oríkèé. Wọn kì í sì fi ẹ̀ka yìí tọrẹ bí iṣẹ́ kò bá tíì tẹ̀ síwájú débi tó yẹ. Ní 2000, Ravinder Maini àti Marc Feldmann ló gbà á. Ní London ni wọ́n ti fi hàn pé bí a bá dí èròjà kan nínú ara tó ń jẹ́ TNF lọ́wọ́, wíwú oríkèé á rọlẹ̀. 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lára àwọn aláìsàn. Ní 2017, ó kan Shimon Sakaguchi, Fred Ramsdell àti Alexander Rudensky, lórí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń kó àwọn ọmọ ogun ara níjàánu kí wọ́n má baà dojú ìjà kọ ara fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní 2025, Sakaguchi àti Ramsdell pẹ̀lú Mary Brunkow gba Ẹ̀bùn Nobel. Gbogbo ìtàn wọ̀nyí ló ṣeé sọ ní gbólóhùn kan: báyìí ni nǹkan rí tẹ́lẹ̀, ẹni yìí ṣe èyí, nǹkan sì yí padà. Lẹ́tà mi kò ní gbólóhùn yẹn.

Mo ya á sọ́wọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ látorí ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló yí padà nítorí wọn? Ìdáhùn wà nínú àwọn fáìlì àtijọ́ ní kílíníìkì. Kó tó di pé wọ́n dé, aláìsàn lè gbé oríkèé wíwú káàkiri fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ojú dókítà tó tó o, nígbà yẹn àrùn á ti jẹ eegun lẹ́bàá oríkèé, oògùn kankan kò sì lè dá a padà. Ọ̀gá ló là á kalẹ̀ pé ẹni tí oríkèé rẹ̀ bá wú, tó sì ń gan fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láràárọ̀, kò gbọdọ̀ tò sórí ìlà gígùn. Wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti ka oríkèé 28 náà, kí ẹni tó bá wá má baà padà sílé láìyẹ̀ ẹ́ wò nítorí pé dókítà kò sí. Nọ́ọ̀sì àgbà tó kọ́kọ́ kọ́ ọ ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n fi ìwé àkọsílẹ̀ wọn hàn mí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní àwòrán ọwọ́ méjì tí wọ́n fi bírò pupa sàmì sí.

Mo tún bá aláìsàn kan sọ̀rọ̀, pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí òun mọ̀ pé oògùn ti ń ṣiṣẹ́ ni ọjọ́ tí òun de bọ́tìnì aṣọ ọmọ òun láìpe ẹnikẹ́ni. Mo fi gbólóhùn yẹn bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà.

Lẹ́tà àtìlẹ́yìn méjì ni wọ́n bèèrè. Mo gba ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ti bá ọ̀gá kọ ìwé ìwádìí pọ̀, ìgbìmọ̀ sì dá a padà: òfin ní ó kéré tán kí ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá wọn ṣiṣẹ́ rí. Òfin náà wà nínú ìwé ìlànà, èmi ni mi ò kà á dé ìsàlẹ̀. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ilẹ̀ òkèèrè, mo kọ kókó mẹ́ta péré ránṣẹ́ sí wọn, mo sì sọ ọjọ́ tí mo nílò rẹ̀ gan-an. Wọ́n dáhùn lọ́jọ́ kẹfà. Bí ẹ bá ń tọrọ lẹ́tà, ẹ má kàn sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ nǹkan." Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí.

Oṣù kẹrin ni èsì jáde, wọ́n mú ọ̀gá mi. Nígbà tí wọ́n ń ka ìdí tí wọ́n fi yàn wọ́n, wọ́n ka orúkọ nọ́ọ̀sì àgbà náà mọ́ ọn, nítorí mo ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ọ̀gá yí ojú padà, wọ́n wò mí láti orí pèpéle, wọ́n kàn mi orí.

Àmì ẹ̀yẹ kan wà fún àwọn nọ́ọ̀sì nínú iṣẹ́ wa, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà ní àwọn kò ní ìtàn iṣẹ́ kankan nílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, a jọ jókòó, mo ṣí kọ̀ǹpútà, wọ́n ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wọn tó ti ya, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní.