Bí A Ṣe Ń Yọ Ìtọ̀ Ológbò àti Ajá Kúrò Lára Àga àti Ibùsùn

Ìgbà ọyẹ́ ni mo ra àga onítìmùtìmù kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó kúrò nílé ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Mo gbóòórùn rẹ̀ dáadáa kí n tó sanwó, kò rùn rárá. Nígbà tí òjò oṣù kẹrin bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀rinrin ọ̀sà gba inú ilé, àga náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ẹni pé ológbò ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ sí i láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ èmi kò ní ológbò nígbà náà. Ara àga yẹn ni mo ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí mo kọ síbí fún ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ tí ajá, ológbò tàbí ọmọ ewúrẹ́ ń bá yín gbé yàrá.

Ohun tó ń rùn gan-an

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ yúríà, ajílẹ̀ funfun oníhóró tí ẹ ń fi sídìí àgbàdo. Bí ẹ bá dà á sórí ilẹ̀ tútù láìbò ó, òórùn kan á máa ta yín nímú. Yúríà kan náà ló wà nínú ìtọ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń sọ ọ́ di ammonia, afẹ́fẹ́ tó ń ta ni nímú yẹn. Ìyẹn ṣì rọrùn, torí pé yóò fò lọ bó pẹ́ bó yá. Èyí tó ń yọni lẹ́nu ni ásíìdì yúríìkì, ohun mìíràn tó wà nínú ìtọ̀. Bí ìtọ̀ bá gbẹ, á dì bí iyọ̀ wẹ́wẹ́ mọ́ fọ́nrán aṣọ àti inú fóòmù, omi lásán kì í sì í yọ́ ọ. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá gbẹ, á dákẹ́. Tí ọ̀rinrin bá dé, á tún jí. Ohun tó ṣe àga mi nìyẹn. Ti ológbò le ju ti ajá lọ, nítorí ológbò kì í mu omi púpọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ sì máa ń ki.

Bó bá ṣì tutù

Ẹ má nù ún síwá sẹ́yìn, ńṣe lẹ ó máa tì í wọlé. Ẹ ká tówẹ́ẹ̀lì tàbí àkísà òwú sí mẹ́rin, ẹ tẹ́ ẹ sójú ibẹ̀, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lé e. Ẹ ó rí àwọ̀ ìyeyè tí yóò máa gòkè bọ̀ nínú aṣọ. Ẹ yí ojú aṣọ padà, ẹ tún dúró lé e, títí aṣọ gbígbẹ kò fi ní fa nǹkan kan mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi tútù díẹ̀ sí i, kí ẹ tún fi aṣọ fà á. Ẹ má lo omi gbígbóná, ooru a máa jẹ́ kí àbàwọ́n di mọ́ aṣọ.

Ó wá kan fínígà funfun, èyí tí wọ́n ń fi sí sàláàdì. Ife kan fínígà, ife kan omi. Ẹ dà á títí yóò fi dé ibi tí ìtọ̀ dé, ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe. Àbàwọ́n tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lójú aṣọ lè fẹ̀ tó àwo oúnjẹ nínú fóòmù. Bí ìrọ̀rí àga bá ní síìpù, ẹ tú u, ẹ yọ fóòmù síta, ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ìlà kan á wà níbẹ̀ tó yí ká bí ibi tí omi odò fà dé. Ìlà yẹn ni kí fínígà kọjá. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ fi aṣọ fà á, kí ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ gbé fóòmù dúró níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní gbẹ. Nígbà tó bá gbẹ tán, ẹ wọ́n bicarbonate sí i, ìyẹ̀fun funfun tó wà lọ́jà àti nílé oògùn, kó sùn mọ́jú. Ẹ gbọ̀n ọ́n dànù láàárọ̀.

Ìyá kan ní Kétu bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé ọsàn wẹ́wẹ́ kò lè ṣe é ni?”

“Ó lè ṣe é, Màmá. Ẹ ṣáà sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi omi ṣàn án kúrò kí èèrà má baà bò yín. Ẹ má gbé e sí oòrùn kí ẹ tó ṣàn án, aṣọ á ṣí.”

“Eérú ńkọ́?”

Mo sọ fún wọn pé eérú dára lórí ilẹ̀ símẹ́ǹtì, ó ń fa omi. Ṣùgbọ́n kò lè pa òórùn ammonia bí ohun kíkan ṣe ń pa á, á sì tún sọ aṣọ àga di dúdú.

Èyí tó ti pẹ́

Fínígà nìkan kì í sábà tó fún un. Ẹ ra eau oxygénée (hydrogen peroxide), omi tí wọ́n fi ń fọ egbò, èyí tí wọ́n kọ 10 volumes sí lára, nílé oògùn. Ẹ po ife kan rẹ̀ pọ̀ mọ́ ṣíbí ìjẹun kan bicarbonate àti ọṣẹ ìfọwo díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀ aṣọ àga náà, torí ó lè jẹ àwọ̀. Ẹ má rọ ìyókù sínú ìgò kí ẹ dé e pa, yóò bú. Ọṣẹ olómi kan tún wà tí wọ́n ń kọ enzymes sí lára fún ìtọ̀ ẹran ilé. Òun ló ń fọ́ ásíìdì yúríìkì gan-an. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi omi lásán ṣan ibẹ̀ ná, kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì jẹ́ kó wà ní tútù fún wákàtí mélòó kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe àga mi kó tó gbọ́.

Javel, omi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á sójú ìtọ̀, ẹ má sì pò ó mọ́ fínígà. Èéfín tó ń ti inú méjèèjì jáde ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pàápàá nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Káńfọ̀ oníhóró náà, májèlé ni fún ológbò.

Pákó a máa mu ìtọ̀ bí fóòmù. Bí ẹsẹ̀ àga bá ti dúdú, ẹ fi sáńpépà ha á, kí ẹ kùn ún ní fáníìṣì. Ẹní àtẹ́sùn tó ti rùn dénú, èmi kì í dá ara mi láàmú lórí rẹ̀, mo ń ra òmíràn ni. Ti òbúkọ sì yàtọ̀: ó máa ń tọ̀ sí ara rẹ̀ nírùngbọ̀n, orí rẹ̀ náà ní òórùn tirẹ̀, nítorí náà ibi tó bá fara gbún ni yóò máa rùn. Ẹ so ó síta.

Kí ló dé tó fi ń tọ̀ síbẹ̀?

Akọ ológbò tí wọn kò tẹ̀ lọ́dàá ń fi ìtọ̀ sàmì sí ilé rẹ̀ ni. Ẹ ó rí i tó kẹ̀yìn sí ara àga, tí ìrù rẹ̀ ń gbọ̀n. Títẹ̀ ẹ́ lọ́dàá ló sábà máa ń dá a dúró. Àwọn mìíràn kò ní ibi tí wọn yóò lọ: iyanrìn gbígbẹ nínú ọpọ́n, tí ẹ ń kó ẹ̀gbin inú rẹ̀ lójoojúmọ́, ti tó. Kí aboyún má ṣe bá wọn kó o, torí àrùn inú ìgbẹ́ ológbò lè dé ara ọmọ inú.

Ṣùgbọ́n bí akọ ológbò bá ń lóṣòó láti tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó ń ké, tí ìtọ̀ kò jáde tàbí tó ń kán tótó, ẹ fi àga sílẹ̀ ná. Ojú ìtọ̀ rẹ̀ ti dí, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an.