Ẹ̀kọ́ṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ní Jámánì: bí ọmọ Ìlọrin ṣe lè rí i ṣe

Ní Ìlọrin, ọmọṣẹ́ ló ń sanwó fún ọ̀gá títí di ọjọ́ fírídọ̀mù. Ní Jámánì, ọ̀gá ló ń sanwó fún ọmọṣẹ́. Ausbildung ni wọ́n ń pè é. Ẹ ó máa lọ sílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, Berufsschule, lọ́jọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, tàbí kí wọ́n kó ọ̀sẹ̀ mélòó kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan; òtẹ́ẹ̀lì ló ni ìyókù. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba yìí kì í gba owó. Fún ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 2026, owó oṣù tí òfin ní kò gbọdọ̀ dín jẹ́ yúrò 724 lọ́dún àkọ́kọ́, 854 lọ́dún kejì, 977 lọ́dún kẹta. Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ń san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n brutto nìyẹn, owó kí wọ́n tó yọ nǹkan kan. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ owó ìlera àti owó ìfẹ̀yìntì, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún á ti lọ, èyí tó kù ni netto. Ẹni tó bá fi brutto ṣírò iye tó máa fi ránṣẹ́ sílé ní Ọ̀ffà ti ṣìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni kí ẹ wò. Hotelfachmann, tí tobìnrin ń jẹ́ Hotelfachfrau, ọdún mẹ́ta ni: yàrá títẹ́, oúnjẹ gbígbé, gbígba àlejò, àti ìwé owó. Koch ni alásè, ọdún mẹ́ta lòun náà. Fachkraft für Gastronomie (oúnjẹ gbígbé) àti Fachkraft Küche (iṣẹ́ ilé ìdáná) jẹ́ ọdún méjì-méjì, wọ́n sì rọrùn díẹ̀ fún ẹni tí ìwé ń ni lára.

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ ará Ìlọrin ń gbé pamọ́ títí wọ́n fi débẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ohun tí alásè ń kọ́, wáìnì wà nínú ọbẹ̀ wọn, ẹni tó ń gbé oúnjẹ á sì gbé bíà. Kò sẹ́ni tó máa fipá mú yín jẹ ẹ́ tàbí mu ún, àmọ́ fífọwọ́ kàn án jẹ́ ara iṣẹ́, ó sì lè jáde nínú ìdánwò. Mùsùlùmí tí ọkàn rẹ̀ kò gbà á, kó béèrè nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kó pa ọ̀rọ̀ Jímọ̀ àti híjáàbù pọ̀ mọ́ ọn. Òtẹ́ẹ̀lì kan á ní kò sí wàhálà, òmíràn á ní rárá. Rárá tí ẹ gbọ́ nílé sàn ju èyí tí ẹ máa gbọ́ nínú òtútù lọ.

Èdè Jámánì ló ń gba àkókò jù. B1, ìyẹn ìpele àárín nínú ìmọ̀ èdè náà, ni wọ́n sábà máa ń béèrè, òun sì ń gba ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú 45 tó tó 350 sí 650. Ẹ mú un sí 600: ẹni tó ń fi wákàtí méjì kọ́ ọ lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, á lò tó oṣù mẹ́sàn-án. Ìdánwò Goethe-Institut, ilé ẹ̀kọ́ èdè Jámánì, ní apá mẹ́rin: kíkà, gbígbọ́, kíkọ àti sísọ. 60 nínú 100 lẹ gbọ́dọ̀ ní nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá já ọ̀kan, ẹ lè tún òun nìkan ṣe. Èkó ni Goethe-Institut wà, nítorí náà ẹ má wọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò; ẹ lọ sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé àwọn kan há ìbéèrè àtijọ́ sórí, wọ́n yege, etí wọn kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀gá alásè kò ní sọ̀rọ̀ bíi ti kásẹ́ẹ̀tì. Á fi èémí kan sọ pé „Hol mal zwei Kilo Butter aus dem Kühlhaus“ (lọ mú bọ́tà kílò méjì wá láti inú yàrá tútù), á sì ti yíjú padà. Ẹni tí kò bá gbọ́ Kühlhaus á dúró síbẹ̀ títí iná á fi jó ohun tó wà nínú páànù. Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbọ́ fídíò ilé ìdáná Jámánì lójoojúmọ́, láìka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀.

Oṣù kẹjọ tàbí oṣù kẹsàn-án ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ padà sẹ́yìn láti ibẹ̀: ẹ gba ìwé B1 kó tó di oṣù kìíní, ìwé àdéhùn kó tó di oṣù kẹta, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ físà sílẹ̀ ní kété tí àdéhùn bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, torí ó lè pẹ́.

Bí ẹ ti ń kọ́ èdè, ẹ tún orúkọ yín ṣe. Wàhálà tiwa gan-an nìyí: Abdulrasheed lórí WAEC, Abdul-Rasheed lórí NIN, Rasheed lórí ìwé ìbí. Ara NIN ni pásípọ́ọ̀tù ti ń mú orúkọ, torí náà NIN ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹ tó lọ sí ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù.

Ẹ wá àyè lórí ojú òpó Bundesagentur für Arbeit, iléeṣẹ́ ìjọba Jámánì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, àti ti Make it in Germany, ojú òpó ìjọba wọn fún àjèjì tó ń wáṣẹ́. Ohun tí ẹ máa fi ránṣẹ́ jẹ́ PDF kan ṣoṣo: lẹ́tà ojú ewé kan, ìtàn iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ tí kò ju ojú ewé méjì lọ, WAEC, B1. Lẹ́tà tó kan ń sọ pé „mo fẹ́ràn òtẹ́ẹ̀lì yín“ kì í lọ jìnnà, ẹ dárúkọ ilé náà, ẹ sọ ohun tí ẹ rí nípa rẹ̀. Tí ẹ bá lè ṣiṣẹ́ oṣù kan ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA tàbí Tanke, kódà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ gba lẹ́tà tó ní ọjọ́, iṣẹ́ tí ẹ ṣe, òǹtẹ̀ àti ọwọ́ ọ̀gá. Ó ń ṣiṣẹ́ ju ìwé ẹ̀rí kọ̀ǹpútà mẹ́ta lọ.

Tí ìwé àdéhùn bá dé, ẹ wo nǹkan mẹ́rin: owó brutto ọdún kọ̀ọ̀kan, wákàtí iṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi, àti Probezeit, ìyẹn àkókò ìdánwò tó máa ń jẹ́ oṣù kan sí mẹ́rin. Nínú rẹ̀, ẹ̀yin tàbí ọ̀gá lè fòpin sí àdéhùn náà láìfún ara yín ní àkókò kankan. Ìwé náà gbọ́dọ̀ lọ fún ìforúkọsílẹ̀ ní IHK, ẹgbẹ́ oníṣòwò agbègbè òtẹ́ẹ̀lì náà. Ẹ lè kọ̀wé bi wọ́n bóyá ó wà lọ́dọ̀ wọn. Òfin wọn kò gbà kí òtẹ́ẹ̀lì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín nítorí ẹ̀kọ́ náà. Ejẹ́ǹtì tó bá ní kí ẹ kó mílíọ̀nù wá kó tó fi ìwé àdéhùn hàn yín, ìwé yẹn kò sí.

Físà fúnra rẹ̀, yúrò 75 ni. Bí netto yín kò bá tó owó àtijẹ tí ìjọba wọn là sílẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ fi owó dí i nínú Sperrkonto, àkáǹtì tí a tì pa. Ìdí nìyí tí yàrá òṣìṣẹ́ fi ṣe pàtàkì. Onílé ìta lè gba owó ìdúró tó tó owó ilé oṣù mẹ́ta. Ẹ tún bi òtẹ́ẹ̀lì bóyá wọ́n á fẹ́ sáré físà náà fún yín: yúrò 411 ni ìlànà kíákíá yẹn, ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wọn ni òtẹ́ẹ̀lì ti máa ṣe é.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bá kó wọlé, ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí onílé fọwọ́ sí. Ẹni tó máa fọwọ́ kan oúnjẹ gbọ́dọ̀ lọ gba ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó lọ́dọ̀ ọ́fíìsì ìlera, Gesundheitsamt. Ìwé rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ lọ́jọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Bí ara kò bá yá, ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì kó tó di àsìkò iṣẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Berichtsheft ni ìwé tí ẹ ti ń kọ ohun tí ẹ ṣe àti ohun tí ẹ kọ́ sí, ọ̀gá á sì máa fọwọ́ sí i. Láìsí i, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ jókòó sí ìdánwò ìkẹyìn. Ẹ kọ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì kí ẹ tó bọ́ aṣọ iṣẹ́, torí ẹni tó bá jẹ́ kó di oṣù mẹ́fà kò ní rántí ohun tó gé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.