Emacs ń pariwo “mismatch”: kí ni kí n kọ sí :type?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ń kọ àfikún kékeré kan fún Emacs, ètò tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ àti kóòdù, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń lò ó fúnra rẹ̀ yan ọwọ́ tí fèrèsé àkọsílẹ̀ yóò ṣí sí. Ohun tí mo kọ nìyí (defcustom ló ń dá ohun tí olùlò lè yí sílẹ̀, :type ló ń sọ irú iye tó lè gbà):

```
(defcustom akosile-apa nil
  "Ọwọ́ tí fèrèsé àkọsílẹ̀ yóò ṣí sí."
  :group 'convenience
  :type '(choice (const 'left) (const 'right)))
```

Emacs gbé e mì láìjanpata. Àmọ́ nígbà tí mo fi M-x (Alt pẹ̀lú x) customize-variable ṣí i, “mismatch” ni mo bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ State, kò sì sí ohun tí mo lè yàn.

Ìdáhùn: Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan sì fi èkejì pamọ́. Wo àmì ' tó wà níwájú left. Èyí tó wà níwájú akọ́mọ́ choice ti sọ fún Lisp, èdè tí Emacs ń lò, pé kó má ṣírò ohunkóhun nínú rẹ̀. Tí o bá tún fi òmíràn síwájú left, kì í ṣe left ni Emacs ń retí mọ́, (quote left) ni, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ láéláé. Èmi náà ti fi odidi alẹ́ kan jìyà ẹ̀ rí.

Ìkejì, nil ni iye tí o fi bẹ̀rẹ̀, nil kò sì sí lára ohun tí wọ́n lè yàn. O pe àlejò, o ò gbé àga fún un.

```
:type '(choice (const :tag "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀" nil)
               (const :tag "Òsì" left)
               (const :tag "Ọ̀tún" right))
```

Ọ̀rọ̀ :tag ni olùlò ń rí. Bí o bá fẹ́ fi sexp kún un fún àwọn alágídí, ìsàlẹ̀ pátápátá ni kó wà: èyí tó bá kọ́kọ́ bá iye náà mu ni Emacs ń mú, sexp sì ń gba ohunkóhun.

Ìbéèrè: Ó ti ṣiṣẹ́. Mo wá yí nil yẹn sí 'right, mo ṣe eval-buffer, nil ṣì ni mò ń rí.

Ìdáhùn: Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. defcustom kì í fọwọ́ kan iye tó ti wà nílẹ̀, kó má baà pa ohun tí olùlò yàn rẹ́. Gbé kọ́sọ̀ sínú rẹ̀, tẹ C-M-x (Ctrl, Alt àti x), á fi tipátipá yí i.

Ìbéèrè: Fódà ńkọ́? Mo lo (list directory). Ó gba ẹyọ kan, mo fi mẹ́ta sí i, ó kọ̀.

Ìdáhùn: Ṣe ni list ń kà wọ́n. (list string integer) túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ kan àti nọ́ńbà kan, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. (repeat directory) lo ń wá.

Kí o tó fún ẹlòmíràn, dán an wò nínú init.el rẹ (fáìlì tí Emacs ń kà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀), má sì lo setq, àṣẹ tí a fi ń fún orúkọ ní iye, torí kì í wo :type rárá. setopt, tó dé pẹ̀lú Emacs 29 lọ́dún 2023, ń wò ó. Kọ (setopt akosile-apa 'up), kó o gbọ́ ìkìlọ̀.