Ìwé Àṣẹ Kan Kò Kárí Gbogbo Oúnjẹ: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn tí Ń Se Oúnjẹ Tà nílé àti Lórí Ọkọ̀

Àwọn tí a kọ ìwé yìí fún mọ oúnjẹ sè, wọ́n sì mọ̀ pé ìkòkò àti ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ́, nítorí náà a kò ní tún ìyẹn sọ. Ohun tí ó mú kí a kọ ọ́ ni oúnjẹ tí àwọn wolé-wolé ń dà nù àti ilé ìdáná tí wọ́n ń tì pa, tí àwọn tí ó ni wọ́n sì ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Wọ́n rò pé ìwé náà bo gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe. Kò bò ó. Ìwé àṣẹ kì í ṣe ẹ̀rí pé ènìyàn mọ oúnjẹ sè. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí ẹni tí a dárúkọ sínú rẹ̀ máa se irú oúnjẹ tí a kọ sínú rẹ̀, ní ibi tí a ti ṣàyẹ̀wò, títí di ọjọ́ tí a dá fún un. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí bá ti yí padà, ọ́fíìsì tí ó fún yín ní ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ padà sí kí ẹ tó ta ohunkóhun.

Bí àṣìṣe náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹnì kan gba àṣẹ láti máa yan búrẹ́dì àti bisikíìtì nílé, oníbàárà kan béèrè ohun tí ó ní ẹran nínú, òmíràn béèrè ohun tí a da wàrà lé lórí, olóúnjẹ sì ń ṣe é fún wọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ilé ìdáná kan náà ni. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí òfin ti gba oúnjẹ sísè tà nílé láàyè, oúnjẹ tí ó lè wà níta láìsí fíríìjì nìkan ni òfin ọ̀hún gbà láàyè. Ohun tí a sábà fi ń pààlà ni pé kí ìwọ̀n pH, tí a fi ń mọ bí oúnjẹ ṣe kan tó, má ju 4.6 lọ, tàbí kí ìwọ̀n omi inú rẹ̀ tí kòkòrò àìrí lè lò má ju 0.85 lọ, lórí òṣùwọ̀n tí omi lásán ti jẹ́ 1. Ahọ́n kò lè sọ èyí fún yín. Ilé àyẹ̀wò ni kí ẹ gbé oúnjẹ náà lọ, kí ẹ sì tọ́jú ìwé èsì rẹ̀. Áyù tútù tí a rẹ sínú òróró tí a sì dé pa ni àwọn ènìyàn máa ń jiyàn lé lórí, nítorí pé ó lè má rùn rárá. Bẹ́ẹ̀, inú irú ìgò bẹ́ẹ̀, tí afẹ́fẹ́ kò dé, ni kòkòrò tí ń pèsè májèlé bótúlísíìmù, èyí tí ó lè pa ènìyàn, ti ń gbèrú.

Bí ẹ bá ti gba àṣẹ fún oúnjẹ tí ó tètè ń bàjẹ́, ẹ ra tẹmómítà, kí ẹ sì máa lò ó. Àárín oúnjẹ gbọ́dọ̀ gbóná dé 70°C. Èyí tí ẹ fẹ́ tà ní gbígbóná kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju 60°C lọ, èyí tí ó wà nínú fíríìjì kò sì gbọdọ̀ ju 5°C lọ. Oúnjẹ tí ẹ fẹ́ tọ́jú gbọ́dọ̀ kúrò ní 60°C bọ́ sí 21°C láàárín wákàtí 2, kí ó sì dé 5°C láàárín wákàtí 4 tí ó tẹ̀ lé e. Inú àwo pẹrẹsẹ ni kí ẹ pín in sí, kì í ṣe kí ẹ gbé odindi ìkòkò sínú fíríìjì. Ìrẹsì tí ó sùn síta kò ṣeé gbé kaná padà fún títà, nítorí pé iná kì í pa májèlé tí ó ti wọ inú rẹ̀. Ẹ kọ ìwọ̀n wọ̀nyí sínú ìwé lójoojúmọ́, ní àkókò tí ẹ wò ó. Wolé-wolé mọ ìwé tí a jókòó kọ tán ní alẹ́ kan.

Àṣẹ ilé kì í gun ọkọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọkọ̀ tàbí ọmọlanke tà nílò àṣẹ mìíràn, àṣẹ ibi tí yóò dúró sí sì tún sábà máa ń yàtọ̀ sí ti ìlera, ti panápaná náà sì lè yàtọ̀ bí ẹ bá ń lo gáàsì. Ẹ gba àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ń béèrè kí ẹ tó ná owó kankan lórí ọkọ̀. Bí àgbá omi mímọ́ bá gba lítà 100, kí ti omi ìdọ̀tí gba ó kéré tán lítà 115. Ibi ìfọwọ́ gbọ́dọ̀ dá wà, kì í ṣe ibi tí ẹ ti ń fọ abọ́. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì yóò tún béèrè ilé ìdáná tí a ti ṣàyẹ̀wò, níbi tí ọkọ̀ yóò ti máa pọn omi, tí yóò sì ti máa da ìdọ̀tí. Ojú gọ́tà kọ́ ni ibi ìdalẹ̀.

Lára ọ̀rá tàbí páálí, ẹ kọ orúkọ oúnjẹ, ọjọ́ tí ẹ ṣe é, àdírẹ́sì yín àti gbogbo èròjà rẹ̀, kí èyí tí ó wúwo jù ṣáájú. Kí wàrà, ẹyin, ẹja, edé, ẹ̀pà, sóyà àti àlìkámà hàn gbangba, nítorí àwọn tí ara wọn kọ̀ wọ́n. Ẹni tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tí ó ń bì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ títà títí wákàtí 48 yóò fi kọjá lẹ́yìn tí àìsàn náà bá ti dúró.

Àwọn kan ń ra ọkọ̀ oúnjẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀, wọ́n sì ń san owó lé e. Ọkọ̀ nìkan ni wọ́n rà. Orúkọ ẹni àkọ́kọ́ ṣì wà lórí ìwé náà, àṣẹ rẹ̀ kì í sì í bá ọkọ̀ lọ. Kí ẹni tí ó rà á gba fọ́ọ̀mù tuntun, kí ó sì jẹ́ kí wolé-wolé wo ọkọ̀ náà kí ó tó dáná nínú rẹ̀.