Ìtọ̀ tó ń já mọ́ obìnrin lára: àwọn àṣìṣe tó ń dènà ìwòsàn

Bí obìnrin bá wúkọ́ tí ìtọ̀ sì ta sí i láṣọ, ohun tó sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ṣebí o ti bímọ, bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí." Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìtọ́jú, ìtìjú ló sì ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìyá máa dá a gbé.

Ẹ má rò pé oríṣi kan ni. Èyí tó ń já nígbà tí èèyàn bá wúkọ́, tó sín, tó rẹ́rìn-ín tàbí tó gbé àpò gàrí, iṣan tó gbé àpò ìtọ̀ ró nísàlẹ̀ ló dẹ̀. Èyí tó ń gbọ̀nni lójijì, tí ẹ kò tíì dé ilé ìyàgbẹ́ tó ti bọ́, àpò ìtọ̀ ló ń fún ara rẹ̀ ṣáájú àkókò. Méjèèjì lè wà lára ẹnì kan. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá ń ṣàn tọ̀sán-tòru lẹ́yìn ìrọbí tó pẹ́, ihò lè ti lu láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Bí wọ́n bá tètè fi rọ́bà fa ìtọ̀, ihò kékeré lè dí fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá dí, iṣẹ́ abẹ ni.

Ẹ má torí ìjókòó Ojúde Ọba tàbí ìrìn-àjò fi omi du ara yín. Ìtọ̀ tó ki a máa ta àpò ìtọ̀ lára, á sì tún gbọ̀nni ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbẹ́ náà á gan, á máa ti àpò ìtọ̀. Omi inú ọ̀rá mẹ́ta sí mẹ́rin, oní 50cl, tó ọ̀pọ̀ àgbà lóòjọ́. Ẹni tó bá jókòó ti iná gàrí yóò fi kún un. Ẹni tí dókítà ti díwọ̀n omi fún nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, kó tẹ̀ lé ti dókítà. Obì ni kí ẹ dín kù. Ilẹ̀ Rẹ́mọ ni ilé obì, ó sì nira láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ará Ṣágámù, àmọ́ káféènì inú kọfí àti tíì, tó máa ń mú kí ìtọ̀ gbọ̀nni, ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wo ìyàtọ̀.

Eré ìdárayá iṣan ìsàlẹ̀ ló ń ran èyí tí ikọ́ ń fà lọ́wọ́ jù, òun náà sì ni wọ́n ń ṣì ṣe jù. Ẹ fún iṣan náà bí ẹni tó fẹ́ dá ìsó àti ìtọ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, kó fà wọlé, kó gòkè. Bí ikùn, itan tàbí ìdí bá le, tàbí tí ẹ bá sé èémí, ẹ ti ṣì í. Ẹ dì í mú títí dé ìṣẹ́jú-àáyá 10 bí agbára bá ṣe tó, ẹ sinmi iye kan náà, ẹ ṣe é nígbà 8, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Oṣù 3 ó kéré tán! Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀pọ̀ ń fi í sílẹ̀. Ẹ má sì máa fi dídá ìtọ̀ dúró láàárín ìtọ̀ ṣe ìdárayá, nítorí ìtọ̀ lè ṣẹ́kù sínú. Kí ẹ tó wúkọ́ tàbí gbé ẹrù, ẹ fún un ná.

Àwọn tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, ẹ yé lọ tọ̀ "bóyá ó máa ṣe mí lọ́nà". Àpò ìtọ̀ á kọ́ láti máa gba díẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 kún un. Bó bá ti mọ́ yín lára, ẹ tún fi kún un, fún ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán.

Álọ́ọ̀mù, àgbo tàbí Dettol kò gbọdọ̀ wọ ojú ara. Wọ́n ń jó ni, wọn kò fún iṣan lókun.

Ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra yín. Òmíràn ń fa ìtọ̀, lisinopril sì lè fa ikọ́; dókítà lè yí i padà.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, tí ibà bá dà pọ̀ mọ́ ìtọ̀ tó ń ta, tí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, tàbí tí ẹsẹ̀ bá rọ tí abẹ́ sì kú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ. Fún èyí tó kù, OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo, wà ní Ṣágámù. Ẹ kọ gbogbo àkókò tí ẹ tọ̀ àti èyí tó já fún ọjọ́ 3 sínú ìwé kan, kí ẹ mú un dání, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ṣúgà ara yín wò.